Òórùn Káńfọ̀ ní Sáà Ìdánwò

Ajé, 6 Èbìbí

Pẹpẹ ẹ̀yìn láàbù wó lópin ọ̀sẹ̀. Ikán ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tán láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú gbogbo ìgò tó wà lórí rẹ̀, ìgò ńlá káńfọ̀ tí mo ń tọ́jú de ìdánwò àṣekágbá ló rí fọ́. Gbogbo rẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́ iyanrìn, ìpẹtà irin àti ìdọ̀tí ikán. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ọ̀gá àgbà ilé ìwé wá wò ó. Ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

"Tísà, ṣé ẹ ò kàn ní fi omi ṣàn án ni?"

"Mà, kì í ṣe ìrẹsì."

"Ẹ̀yin lẹ kàwé rẹ̀, ẹ wá nǹkan ṣe sí i. Bí àwọn alábẹ̀wò àjọ ìdánwò bá dé lọ́jọ́ ìdánwò tí wọn ò bá káńfọ̀ lórí tábìlì, kẹ́mísírì ti parí nílé ìwé yìí nìyẹn."

Òmíràn ò lè dé kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, mo ti bi ẹni tó ń kó o wá fún wa. Èyí tó dọ̀tí ò sì ṣeé lò. Iye ooru tí káńfọ̀ fi ń yọ́ ni àwọn ọmọ fẹ́ wá, èyí tó bá dọ̀tí á yọ́ ṣáájú àsìkò, á sì sọ wọ́n di onírọ́ lójú àwọn tó ń máàkì. Mo fi ìgbálẹ̀ àti ìkólẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú garawa. Ẹ̀rù ń bà mí, nítorí mo mọ ohun kan ṣoṣo tó kù láti ṣe, iná sì wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́rú, 8 Èbìbí

Bí mo ṣe jẹ́ tísà kẹ́mísírì tó, mo ṣì máa ń yíjú sápá kan kí n tó ṣáná. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ̀.

Bí káńfọ̀ ṣe rí nìyí: tí iná bá rọra, kò ní yọ́, ṣe ni yóò fò lọ bí oru. Iyanrìn kì í fò, ìpẹtà kì í fò. Nítorí náà mo bu ìdọ̀tí náà sínú àwo tanganran. Mo fi bébà tí mo ti fi abẹ́rẹ́ lu bò ó. Mo da àrọ onígíláàsì dé e lórí, irú àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo sínú ìgò, mo sì fi òwú dí ojú ihò rẹ̀. Mo fi aṣọ tútù wé e lára, mo wá gbé fìtílà sípíríìtì sábẹ́ àwo. Oru á gòkè, á kan òtútù lára àrọ, á sì padà di líle, ní mímọ́.

Inú ìwé nìyẹn o. Nínú láàbù, iná mi pọ̀ jù. Káńfọ̀ yọ́, ó ń hó, bébà pọ́n, ó ń rú èéfín. Oru rẹ̀ sì máa ń gbaná bíi pé ó ti ń wá a tẹ́lẹ̀. Mo pa fìtílà, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì títí àyà mi fi wálẹ̀.

Fèrèsé ò ṣeé ṣí. Àwọn tó kun ọ̀dà lọ́dún tó kọjá kun òun àti férémù pọ̀. Gbogbo oru káńfọ̀ tó bá jáde, èmi ni mo ń fà á símú.

Ọjọ́bọ̀, 9 Èbìbí

Mo jó bébà, mo jó ìka, n kò jó ilé ìwé. Ọpẹ́ ni.

Ajé, 13 Èbìbí

Òjò láti àárọ̀, atẹ́gùn tútù. Mo fa òwú fìtílà wálẹ̀ títí iná fi kéré bí èékánná ọmọdé, mo sì fi sùúrù jókòó tì í. Nígbà tí mo ṣí àrọ, mo pariwo.

Wáyà sáré wọlé. Tísà físíìsì wa ni, ó tín-ín-rín, iná mànàmáná ló ń kọ́ àwọn ọmọ, àwọn ọmọ náà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

"Kí ló dé? Ṣé iná ni?"

"Ẹ wá wò ó."

Inú àrọ funfun nini. Káńfọ̀ ti so mọ́ ọn ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń dán, bí mo bá mí sí i yóò já. Gbogbo èérí kù sí ìsàlẹ̀ àwo.

"Ṣé torí èyí lẹ fẹ́ já ọkàn mi? Ṣebí káńfọ̀ ni."

"Káńfọ̀ tí wọn ò rí irú rẹ̀ rà lọ́jà," ni mo dá a lóhùn.

Mo dé ilé, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Màámi ní òun ti gbóòórùn mi kí n tó kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó, ìyàwó àbúrò mi tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sọ́nà jíjìn, kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ó sì gbé ọmọ fún mi. Alàgbà ni mo ń pe ọmọ náà. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta, àmọ́ ojú tó ń fà ro dà bí ti àgbàlagbà tí wọn ò fún ní àga níbi ìpàdé. Ó sín lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Alàgbà, ẹ pẹ̀lẹ́." A rẹ́rìn-ín.

Ẹtì, 17 Èbìbí

Aáyán ti dá ihò sí aṣọ ọmọ tó wà nínú àpótí. Màámi bínú sí aáyán náà bíi pé ó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

"Tísà, ìwọ tó ń ṣe káńfọ̀ bí ẹni ń ṣe búrẹ́dì, o ò lè bù díẹ̀ wálé? Ti ọjà ti wọ́n, ó tún ń dọ̀tí aṣọ."

Lónìí mo mú díẹ̀ wálé nínú èyí tó mọ́ jù, mo dì í sínú bébà. Màámi tò ó sáàárín aṣọ Alàgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìborùn òwú rẹ̀.

Ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n mi, òórùn yẹn ò ní pọ̀ jù fún un?"

"Rárá o. Èyí mọ́. Ìdọ̀tí inú káńfọ̀ ló ń dààmú èèyàn. Èyí ò ní ìdọ̀tí kankan."

"Ó dáa, mà."

Ní ti iṣẹ́, ìgò jáàmù kan ṣoṣo ni mo ní láti fi káńfọ̀ mímọ́ kún. Ó ti dé ìdajì. Ẹ̀rù iná náà ṣì wà, àmọ́ ó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́.

Ìṣẹ́gun, 21 Èbìbí

Alàgbà kọ ọmú láàárọ̀, ó tún kọ̀ ọ́ lọ́sàn-án. Màámi ní otútù ni, òjò ti pọ̀ jù, ó sì fi ìborùn inú àpótí wé e dáadáa láti orí dé ẹsẹ̀. Mo gbé e lọ sójú fèrèsé. Ẹyinjú rẹ̀ ò funfun. Mo sọ fún ara mi pé aṣọ ojú fèrèsé aláwọ̀ ìyeyè ló ń tàn sí i lójú.

Ọjọ́rú, 22 Èbìbí

Aṣọ ojú fèrèsé kọ́.

N kò tíì débi iṣẹ́ nígbà tí Ìyàwó pè mí. Kò sunkún. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wo ìtọ̀ ọmọ." Mo sáré padà. Ìledìí rẹ̀ rí bí ẹni da tíì tí kò ní mílíìkì sí i. Ara rẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè títí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò sì ya ẹnu ké. Alàgbà tó máa ń bá wa jà nítorí gbogbo nǹkan, ó kàn ń mí, ihò imú rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé.

Nínú takisí, Màámi ń gbàdúrà, èmi ń ka èémí rẹ̀, Ìyàwó ń pe orúkọ rẹ̀ sí i létí. Awakọ̀ náà ò gba fóònù rẹ̀ tó ń dún, ó ń lọ.

Dókítà náà kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó tẹ ikùn ọmọ, ó wo ojú rẹ̀, ó gba ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó ń dì í padà sínú ìborùn, ó dá dúró. Ó gbé ìborùn sí imú.

"Ǹjẹ́ ẹ máa ń fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ?"

Ìyàwó dá a lóhùn kíá, ó tún ń fi mí yangàn. "Bẹ́ẹ̀ ni, dókítà. Ti ọjà kọ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló ṣe é fúnra wọn nílé ìwé. Ó mọ́ gan-an ni."

N kò tíì gbọ́ ohun tó dùn mí báyẹn rí láyé mi.

Dókítà ò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ ń fọ́ sínú ara rẹ̀. Ó ní wọ́n bí ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin pẹ̀lú irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè darúgbó láìmọ̀, àfi tí wọ́n bá pàdé ohun tó ń bá a jà. Káńfọ̀ wà lára rẹ̀, òórùn rẹ̀ lásán sì tó fún ọmọ ọwọ́.

Màámi bi í pé, "Láti ọ̀dọ̀ ta ni ẹ̀jẹ̀ yẹn ti wá?"

"Láti ọ̀dọ̀ ìyá ni, Mà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀bi..."

"Ẹ ò rí i!" Màámi ti yíjú sí Ìyàwó. Ìyàwó sorí kọ́ bí ẹni tí wọ́n ká olè mọ́ lọ́wọ́.

"Màámi, ẹ dákẹ́." N kò bá ìyá mi sọ̀rọ̀ báyẹn rí. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ yìí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ṣe é ní nǹkan kan. Èmi ni mo gbé káńfọ̀ wọlé."

Dókítà ní kí a wá ẹni tí yóò fún un lẹ́jẹ̀ kíákíá. Wọ́n yẹ tèmi wò, kò bá tirẹ̀ mu. Ti Ìyàwó àti ti Màámi náà ò bá a mu.

Ọjọ́bọ̀, 23 Èbìbí

Mo pe Wáyà láti ilé ìwé, tirẹ̀ ló bá a mu. Wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà ń fọ́. Ó dùbúlẹ̀, ó ṣẹ́jú sí mi, ó ní, "Ẹ má mikàn. Tó bá dàgbà tí iná mànàmáná ń gbé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ẹ mọ ibi tó ti wá." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló jáde lójú mi.

Wọ́n so ẹ̀jẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ. Ẹsẹ̀ ọ̀hún kò ju àtàǹpàkò mi méjì lọ. Nọ́ọ̀sì kan wọlé, ó fa imú.

"Ta ló ń rùn káńfọ̀ níbí?"

"Èmi ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta. Ẹ má tún súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì yìí."

Mo ti wẹ̀ láàárọ̀. Mo ti pàrọ̀ aṣọ. Irun mi ni. Irun mi tí mo dì láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ti mu oru láàbù yó. Mo lọ dúró sẹ́yìn gíláàsì kọ́ríídọ̀, ibi tí n kò ti lè rí ju ẹ̀yìn Ìyàwó lọ. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá mì, ẹ̀rù á bà mí pé ó ń sunkún. Bí kò bá mì, ẹ̀rù á tún bà mí.

Àbámẹ́ta, 25 Èbìbí

Ó ṣì pọ́n. Wọ́n tún fún un lẹ́jẹ̀. Àbúrò mi pè láti ọ̀nà, ọkọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ síbì kan tí wọn ò ti ní ẹ̀yà rẹ̀. Ó ní kí n má sunkún. Òun gan-an ló ń sunkún.

Mo bi í pé ṣé ó bínú sí mi. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí ọmọ gbádùn ná."

Ajé, 27 Èbìbí

Ó mu ọmú. Díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó mu ún.

Ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ pè mí. Ó káàánú mi lóòótọ́, ó bi mí nípa ọmọ, ó sì wá bi mí nípa ìgò káńfọ̀. Ìdajì tí mo ṣe ṣì wà níbẹ̀, ìdajì kejì ṣì wà nínú garawa.

"Mà, mi ò ní ṣáná sí i mọ́ àyàfi tí fèrèsé bá ṣí."

"Ìgbà wo la fẹ́ wá rí káfíńtà?"

"Nínú kíláàsì mi, ọmọkùnrin ló pọ̀ jù. Ta ni mo mọ̀ nínú wọn tí kò ní irú ẹ̀jẹ̀ yẹn? Ṣé ẹ fẹ́ kó gbogbo wọn sínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì pa, kí wọ́n máa yọ́ káńfọ̀ níwájú imú ara wọn?"

N kì í bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ báyìí. Èmi ni mo máa ń ní "ó dáa, mà" kí wọ́n tó parí gbólóhùn.

"Ẹ pe káfíńtà," ló sọ fún akọ̀wé rẹ̀. "Ẹ ní kó wá nísinsìnyí."

Káfíńtà fi ṣísẹ́lì la gbogbo ẹnu fèrèsé. Nígbà tí èyí àkọ́kọ́ ṣí, ọ̀dà bọ́ sílẹ̀ gbàràgbàrà, atẹ́gùn sì wọlé. Kò sẹ́ni tó kú sí yàrá yẹn láti ọdún tó kọjá wá. A kàn ṣoríire ni.

Ọjọ́bọ̀, 30 Èbìbí

Mo parí rẹ̀. Mo fi aṣọ dí imú, mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, mo dúró sí ìhà tí atẹ́gùn ti ń wọlé. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí àrọ tí mo rí funfun yẹn, mo máa ń kọ́kọ́ yíjú sápá kan. Kò sí ohun tó yí padà lára rẹ̀. Bó ṣe dán lọ́jọ́ tí mo pariwo ló ṣe dán lónìí. Mo ti ń sọ fún ara mi láti ọdún pípẹ́ pé ohun tó mọ́ kò léwu. Irọ́ tí mo fi kọ́ ara mi nìyẹn, mo sì fi kọ́ Ìyàwó náà.

Ìgò jáàmù náà kún. Mo tì í mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù, mo fún Ọ̀gá ní kọ́kọ́rọ́.

Àbámẹ́ta, 1 Òkúdù

Wọ́n dá ọmọ sílẹ̀, ó ti lọ sílé. Èmi kò lọ sílé, nítorí òórùn ara mi. Ọ̀dọ̀ ìyá Wáyà ni mò ń sùn títí ìdánwò á fi parí. Obìnrin náà ò béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kàn fún mi ní bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí n má jẹ́ kí ìyọnu pa mí, pé ọmọ tí Ọlọ́run dá sí ti dá sí.

Màámi sọ fún mi lórí fóònù pé Ìyàwó ti kó gbogbo àpótí síta sóòrùn, ó ti fọ ògiri, ó sì ti kó aṣọ inú yàrá mi lọ sí ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. "Ó ti ń ṣe bí onílé," ni Màámi wí. Kò mọ̀ bóyá kó bínú.

Ẹ̀rù tuntun: dókítà ní bó bá tún pàdé káńfọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó lágbára, òun ò lè ṣèlérí nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, 6 Òkúdù

Ìdánwò. Gbogbo fèrèsé ṣí gbayawu, bébà àwọn ọmọ ń fò, wọ́n fi òkúta lé e. Àwọn alábẹ̀wò méjì dé, wọ́n fi ojú wo orí tábìlì, wọ́n fi ìka tẹ káńfọ̀ wò. Mo lọ láti tábìlì dé tábìlì, mò ń wo ojú àwọn ọmọkùnrin. Ṣé èyí ò pọ́n jù? Ṣé tọ̀hún ò ti ń rẹ̀ ẹ́? Ọ̀kan bi mí pé, "Mà, ṣé mo ti ṣe é sódì ni?"

Mo ní rárá, máa ṣe é lọ.

Ó yọ́ ní ìwọ̀n ooru ọgọ́rin géérégé, lórí tábìlì kan lẹ́yìn òmíràn. Alábẹ̀wò àgbà ní òun ò tíì rí i kó mọ́ báyìí nílé ìwé kankan. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́. Inú mi dùn díẹ̀, mo sì kórìíra inú dídùn náà.

Àbámẹ́ta, 8 Òkúdù

Mo ní kí onígbàjámọ̀ fá gbogbo irun mi. Ó bi mí pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, ọpẹ́ ni, kó máa fá a lọ. Mo ra aṣọ kan tuntun, ọṣẹ méjì, mo wẹ̀ títí awọ ọwọ́ mi fi hunjọ.

Ìyá Wáyà ní òun ò gbọ́ òórùn kankan mọ́. Wáyà náà ní bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sí ọmọ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Àìkú, 9 Òkúdù

Mo lọ sílé.

Màámi pariwo nígbà tó rí orí mi, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ìyàwó jáde wá sí àgbàlá pẹ̀lú Alàgbà léjìká. Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń kí mi. Ọmọ náà yí ojú sí mi, ó fà á ro. Ẹyinjú rẹ̀ funfun. Mo na ọwọ́ láti gbà á.

Ìyàwó dìde. Ó gbé ọmọ fún Màámi ná. Ó wá sún mọ́ mi, ó fi imú sí ọrùn mi, sí ọwọ́ mi, sí ẹ̀yìn etí mi. Kò yára rárá. Kò sẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi rí.

"Kí lèyí?" ni Màámi ké. "Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ lo ń gbóòórùn bí ẹja ọjà?"

Ìyàwó ò wò ó. Ó gba ọmọ rẹ̀ padà. Ojú rẹ̀ kún fún omi, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Òórùn náà kò tíì tán."

Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Màámi gbéra, ó fẹ́ lọ gbá ilẹ̀kùn náà. Mo dì í lọ́wọ́ mú.

"Màámi, ẹ fi í sílẹ̀," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ kó tì í dáadáa."